Ilẹ̀kùn wo ló ṣí fún ọ báyìí? Ìfiwéra àwọn sikọ́láṣíìpù fún ọmọ sáyẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ Oǹdó

Kí ìsinmi tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ tí mo ti kọ́ ní físíìsì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé wa ní Àkúrẹ́ níbí. Wọ́n á kí mi, wọ́n á mu omi, lẹ́yìn náà ni fóònù á yọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo mẹ́ta yìí. Èwo ló dáa jù?" Wọ́n á ti tò wọ́n kalẹ̀ kí wọ́n tó dé. Èyí tó ń san owó jù ló máa ń wà lókè, èyí tó máa gbé èèyàn lọ sókè òkun á tẹ̀ lé e, tìjọba ìpínlẹ̀ á wà nísàlẹ̀ pátá, bí ẹni pé wọ́n kàn fi síbẹ̀ kí n má baà bínú.

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi wọ́n kí n tó wo fóònù náà rárá. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo lo wà? Ìjọba ìbílẹ̀ wo ni bàbá rẹ ti wá? Àwọn kan máa ń rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Ẹ̀fẹ̀ kọ́. Nínú ọ̀rọ̀ sikọ́láṣíìpù, ibi téèyàn dúró sí ló ń yàn fún un, kì í ṣe iye owó. Ilẹ̀kùn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọdún kan ṣoṣo ló ń ṣí fún ọ láyé. Bó bá ti tì, o lè gba 5.0, pọ́ìntì tó ga jù ní yunifásítì, kóo sì sùn sẹ́nu ọ̀nà, kò ní í ṣí mọ́.

Mo mọ bó ṣe ń dunni. Nígbà tí mo wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 200, mo yege ìdánwò ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí mi ò ní í dárúkọ. Wọ́n pè wá pé ká kó ìwé wá fún àyẹ̀wò. Orúkọ àárín mi wà lórí èsì WAEC, kò sí lórí ìwé ìgbàwọlé. Ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì fi bírò rẹ̀ sábẹ́ orúkọ náà, ó wo ojú mi, ó tún wo ìwé, ó ní, "Ìwọ ha ni ẹni yìí?" Mo ní èmi ni. Ó ní kí n mú ìwé ìbúra kóòtù wá. Kí n tó rí i gbà, wọ́n ti pa orúkọ mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ti di lẹ́fẹ́ẹ̀lì 300, àwọn yẹn ò sì gba lẹ́fẹ́ẹ̀lì 300. Owó ìyá mi tó ń ta ẹ̀fọ́ ni mo fi parí ilé ẹ̀kọ́.

Bó bá jẹ́ òbí ló ń ka èyí, ẹ bá mi kà á fún ọmọ yín.

Agbami àti MTN

Àwọn tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá bá mi, orúkọ Agbami ló sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Ibi tí wọ́n ti ń wa epo nínú òkun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Star Deep Water, tó jẹ́ ọmọ Chevron, àti NNPC pẹ̀lú àwọn alájọṣe wọn ló ń náwó sí ètò náà. Àwọn oníṣègùn àti ẹnjiníà ni wọ́n dìídì dá a sílẹ̀ fún, orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń ka ìmọ̀ ìṣègùn ní UNIMED nílùú Oǹdó, tàbí èyí tó ń ka ẹnjiníà ní FUTA, àwọn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 200 ni wọ́n ń wò. SNEPCo, apá Shell tó ń wa epo nínú òkun jíjìn, náà ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì 200.

Ti MTN Foundation yàtọ̀ gédégédé. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 300 ló ń wò, CGPA rẹ, ìyẹn àpapọ̀ pọ́ìntì rẹ láti ọdún àkọ́kọ́, kò gbọ́dọ̀ dín ní 3.5, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lo sì gbọ́dọ̀ wà. Ìyẹn ni pé ọmọ FUTA, ọmọ Àkùngbá, ọmọ OAUSTECH ní Òkìtìpupa lè wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ Elizade ní Ìlárá-Mọ̀kín tàbí ọmọ Achievers ní Ọ̀wọ̀ ò lè wọlé, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Mo ti rí òbí tó bínú gidigidi nígbà tí mo sọ èyí fún un. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ ọwọ́ mi kọ́ ni òfin wọn wà. Ohun tó dára nínú ti MTN ni pé kò yọ àwọn ọmọ tí àwọn elépo máa ń gbàgbé sílẹ̀: ọmọ tó ń ka bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, ìṣirò, kọ̀ǹpútà. Bóo bá sì ti wọlé, wọ́n á máa san án títí wàá fi jáde, bí pọ́ìntì rẹ ò bá ti wálẹ̀.

Bóo bá gbé méjèèjì síra, wàá rí i pé wọn kì í bára wọn du ọ. Ọ̀kan ń ṣí nígbà tóo wà ní 200, èkejì ń dúró dè ọ́ ní 300. Ẹni tó pàdánù ti àkọ́kọ́ ṣì ní ọdún kan láti fi tún ilé rẹ̀ ṣe. Ìṣirò ibẹ̀ ni kóo wá mọ̀. Ká ní o gba 2.9 ní ọdún àkọ́kọ́, tí iye yúníìtì ọdún méjèèjì sì dọ́gba, 4.1 lo gbọ́dọ̀ gbà ní ọdún kejì kí àpapọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ 3.5. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ọmọ tó gba 2.2 ní ọdún àkọ́kọ́ nílò 4.8, ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo sì máa ń sọ fún un pé kó lọ wo apá ibòmíràn nínú ìwé yìí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ sàn ju ìrètí tó ń jẹ owó káfẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ìdánwò àwọn ilé-iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì máa ń lọ ka òfin Newton àti tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì sílẹ̀. Wọn kì í bi ọ́ nípa ìyẹn. Ìdá ọgọ́rùn-ún ni, àtẹ oníye ni, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kóo wá èkejì rẹ̀ ni, ìbéèrè ìrònú ni, aago á sì máa sáré lókè kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi kan tó ní 4.6 já nínú rẹ̀ torí pé ó jókòó ti ìbéèrè kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ní òun kò lè fi í sílẹ̀ láìyanjú rẹ̀. Ìwà tó ń gbé e lárugẹ ní láàbù ló ṣe é ní jàǹbá níbẹ̀. Èyí tí kò bá tètè yanjú, fò ó.

Kóo tó fọwọ́ sí méjì, ka òfin wọn dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ni kò fẹ́ kóo máa gba ti ẹlòmíràn mọ́ tiwọn.

Ti ilé wa

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ ti wọlé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àjọ sikọ́láṣíìpù tirẹ̀ níbí ní Àkúrẹ́, fún ọmọ ìpínlẹ̀ nìkan. Owó rẹ̀ kì í tó ti elépo, àsìkò tó ń jáde sì wà lọ́wọ́ ìjọba. Mi ò ní í tàn ọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń du nǹkan kan kò lè dà bí ibi tó jẹ́ pé àwa ará ilé nìkan la ń dù ú.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni OSOPADEC. Àjọ tó wà fún àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń wa epo ní ìpínlẹ̀ wa ni, ìyẹn Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò. Ọ̀bà-Ilé, nítòsí Àkúrẹ́ níbí, ni ọ́fíìsì wọn wà. Wọ́n máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì yẹn ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ọmọkùnrin kan láti Igbókòdá wá bá mi lọ́dún kan. Ìmọ̀ òkun ló ń kà ní FUTA. Ó ti fọwọ́ sí sikọ́láṣíìpù mọ́kànlá, ó to orúkọ wọn sínú ìwé kékeré kan, ó fi bírò pupa fa ilà sára èyí tí wọ́n ti já a. Ilà pupa mẹ́sàn-án. Mo ní, "OSOPADEC ńkọ́?" Ó ní òun gbọ́ pé ti àwọn olóṣèlú ni. Ẹni tó jẹ́ pé àwọn tó lè bá a dù ú ò ju ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ méjì lọ, òun ló ń bá gbogbo Nàìjíríà tì lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn! Àwọn ọmọ wa ń fi ẹsẹ̀ kọjá lórí ohun tó wà nílẹ̀.

NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè Niger Delta, náà wà, àwọn ọmọ Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ sì máa ń rò pé kò kàn wọ́n, torí pé orúkọ Niger Delta wà lára rẹ̀. Ó kàn wọ́n. Oǹdó jẹ́ ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ti NDDC kì í ṣe fún ẹni tó ṣì ń ka dìgírì àkọ́kọ́ o. Ẹ̀kọ́ lẹ́yìn dìgírì, bíi máásítàsì, ni wọ́n fi ń ránni lọ sókè òkun, wọ́n sì máa ń béèrè dìgírì tó dára. Mo máa ń fi ìkìlọ̀ kan kún un: ní ọdún 2020, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NDDC ṣe ìwọ́de ní ilé aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù torí owó tí kò tètè dé. Bóo bá rí i gbà, gbà á, ṣùgbọ́n má fi ẹsẹ̀ méjèèjì lé e kóo tó mọ ẹni tó máa yá ọ ní owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta.

Gbogbo ti apá yìí ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ìwé yẹn kì í ṣe ohun tí à ń sáré gbà nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i lè ti lọ ìpàdé, ẹni tó ni òǹtẹ̀ lè ti lọ ìsìnkú. Gbà á nínú ìsinmi yìí, kóo ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù, kóo sì fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ìyá rẹ.

NELFUND kì í ṣe sikọ́láṣíìpù

Mo fi í síbí torí pé wọ́n máa ń kó o mọ́ wọn. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ni. Òfin rẹ̀ tuntun ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n sì ṣí ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Kò ní èlé. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ ni wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún tààrà, bóo bá sì béèrè owó ìgbọ́bùkátà, ₦20,000 lóṣù ni wọ́n ń san sínú báńkì rẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn tóo bá parí NYSC ni sísan padà máa bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ ni wọ́n á máa yọ.

Bóo bá fi wé sikọ́láṣíìpù, ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé kò bi ọ́ ní pọ́ìntì, kò bi ọ́ ní ìdánwò. Ọmọ tí mo ní kó wo ibòmíràn lókè yẹn, tó ní 2.2, ibí ni mo ń darí rẹ̀ sí. JAMB, NIN, BVN àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa béèrè. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tí owó ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ lé kúrò ní kíláàsì gbà á láìtijú. Ẹni tí ó lè rí sikọ́láṣíìpù kó kọ́kọ́ wá a, torí ₦20,000 yẹn dùn ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 100, ó sì máa korò nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ.

Ọmọ SS3 tó fẹ́ lọ sókè òkun tààrà

Tẹ́lẹ̀, BEA, sikọ́láṣíìpù tí ìjọba àpapọ̀ fi ń rán ọmọ lọ kàwé lókè òkun, ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ: Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Mòrókò, Húńgárì. Ní ọdún 2025, ìjọba kéde pé àwọn ti fòpin sí i. Ẹni tó bá ní òun máa bá ọ ṣe BEA lónìí, bi í ní ibi tó ti rí i.

Èyí tí mo nífẹ̀ẹ́ sí, tí àwọn ọmọ wa ò tíì fojú sí, ni MEXT, sikọ́láṣíìpù tìjọba Japan. Iléeṣẹ́ aṣojú Japan ní Àbújá lèèyàn ń gbà ṣe é. Ọmọ sáyẹ́ǹsì máa kọ ìdánwò ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti sáyẹ́ǹsì, ìdánwò náà sì le ju WAEC lọ dáadáa. Bóo bá yege, ọdún kan gbáko lo máa fi kọ́ èdè wọn kóo tó wọ yunifásítì, 117,000 yen ni owó oṣù, wọ́n á sì bá ọ san owó ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ọmọ tí mo bá rí tó ń fi ìṣirò ṣeré nìkan ni mo máa ń sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn dìgírì

Níbí, ìyàtọ̀ kan ló borí gbogbo ìyókù: ṣé o ti ṣiṣẹ́ rí àbí o kò tíì ṣe é?

Chevening, tìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ ìrírí iṣẹ́ tó tó wákàtí 2,800, ìyẹn nǹkan bí ọdún méjì. Máásítàsì ọdún kan ni, o sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ní kóo kọ dá lórí bóo ṣe ń ṣe aṣáájú àti bóo ṣe ń bá èèyàn ṣe nǹkan pọ̀. Ọmọ sáyẹ́ǹsì wa kì í mọ irú ìyẹn kọ, ohun tó ṣe ní láàbù ló máa ń rò lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọbìnrin kan tó ka Microbiology kọ ojú ewé kan gbáko nípa bakitéríà inú omi kànga, kò sì sọ pé òun ló kó àwọn ìyá àdúgbò náà jọ tí wọ́n fi bo kànga náà. Mo ní kó pa bakitéríà rẹ́, kó jẹ́ kí àwọn ìyá yẹn wọlé.

Erasmus Mundus, sikọ́láṣíìpù máásítàsì tìlẹ̀ Yúróòpù, ni mo máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Púpọ̀ nínú ètò rẹ̀ kò béèrè ìrírí iṣẹ́, ẹni tó wà ní ọdún ìkẹyìn gan-an lè fọwọ́ sí i, €1,400 lóṣù ni, wàá sì kàwé ní orílẹ̀-èdè tí kò dín ní méjì. Lẹ́tà ohun tóo fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ bá ètò náà mu wẹ́kú. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ètò mẹ́ta máa ń fi ara rẹ̀ hàn. DAAD, àjọ tó ń fún àwọn àlejò ní sikọ́láṣíìpù ní Jámánì, dúró láàárín àwọn méjèèjì: apá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní EPOS fẹ́ ọdún méjì níbi iṣẹ́, dìgírì ìkẹyìn rẹ kò sì gbọ́dọ̀ ti ju ọdún mẹ́fà lọ. Ẹni tó ń sun un síwájú lọ́dọọdún, kí ó ka ọdún yẹn lórí ìka.

PTDF jẹ́ tiwa, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń náwó sí àwọn ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ epo àti gáàsì. Ó ní tilé, ó ní tòkèèrè. Ìwé NYSC ṣe pàtàkì fún máásítàsì rẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì wà. Ọmọ jíọ́lọ́jì tàbí jiofísíìsì ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kó tó máa wo Yúróòpù.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló máa gbà ọ́ síṣẹ́, wàá máa kọ́ àwọn ọmọ ní láàbù tàbí kóo máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣe ìwádìí, wọ́n á sì bá ọ san owó ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú owó oṣù. Láti BSc lo ti lè lọ fún PhD tààrà. Kì í ṣe sikọ́láṣíìpù tí wọ́n ń kéde nínú ìwé ìròyìn, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi máa ń kọjá lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ láàbù lo fẹ́ fi ṣe ayé rẹ, mo máa fi í ṣáájú Chevening. Ìṣòro rẹ̀ ni owó fọ́ọ̀mù àti tíránsíkíríìpù. Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń mú kí wọ́n fojú fo owó fọ́ọ̀mù nígbà mìíràn, tíránsíkíríìpù sì ni kóo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú.

MTN, Agbami, Chevening, MEXT: kò sí èyí tó ń gba owó fọ́ọ̀mù nínú wọn. Ẹni tó bá ní kóo fi ₦5,000 ránṣẹ́ kí òun lè "gbé orúkọ rẹ sókè", olè ni.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin kan dé láti Òkè-Àró. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 200 ló wà, 3.9, ẹnjiníà. Ó ti ṣí Agbami àti SNEPCo sórí fóònù, ó fẹ́ mọ èyí tó san jù. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé èsì WAEC rẹ̀ àti NIN rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì. Orúkọ mẹ́ta wà lórí ọ̀kan, méjì péré ló wà lórí èkejì. Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀, a jọ ń lọ sí kóòtù.